Iṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì l'Àkúrẹ́ yìí, ṣé kí n gbà á àbí kí n fi sílẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àǹtí àti bùrọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo parí OND ní pólì Ọ̀wọ̀, látìgbà náà ni mo ti ń wáṣẹ́. Hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Alágbàká ti wá pè mí báyìí pé kí n wá jókòó sí rìsẹ́pṣọ̀n, 45,000 lóṣù, ọ̀sẹ̀ kan àárọ̀, ọ̀sẹ̀ kan alẹ́. Màmá mi ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí rárá, wọ́n ní ọmọbìnrin tó bá ṣiṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì, ta ló fẹ́ fẹ́ ẹ. Ọ̀rẹ́ mi kan sì ní kí n má dá wọn lóhùn, pé tíìpù nìkan á ju owó oṣù lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́.

* * *

Àbúrò, mo ti ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi dá ẹ lóhùn, apá kan ní kó o sá, apá kejì ní tíìpù tíìpù bí ẹni pé owó ń já bọ́ láti òrùlé. Èmi ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí o, háúskípìnì ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo ṣe lọ́ńdìrì, mo jókòó sí rìsẹ́pṣọ̀n, súpáfáísọ̀ ni mí báyìí, Àkúrẹ́ níbí náà ni gbogbo ẹ̀ yàtọ̀ sí ìgbà díẹ̀ tí mo fi wà l'Óńdó. Mi ò ní dárúkọ hòtẹ́ẹ̀lì kankan torí mo ṣì ń jẹun nídìí ẹ̀.

Ohun tí mo rí ni pé iṣẹ́ yẹn fúnra ẹ̀ ò burú. Kọ́sítọ́mà oníjàgídíjàgan, ìdúró àtàárọ̀ dalẹ́, kí ẹsẹ̀ wú, kó o máa rẹ́rìn-ín nígbà tí inú ń bí ẹ, gbogbo ìyẹn á mọ́ ẹ lára tó bá yá. Èyí tí kì í mọ́ èèyàn lára ni kí nǹkan sọnù, kí wọ́n yọ owó ẹ̀ nínú tìẹ. Lọ bi ẹnikẹ́ni tó bá ti kúrò nídìí iṣẹ́ yìí ní ìlú yìí ohun tó lé e, kọ́sítọ́mà kọ́ ni wọ́n á kọ́kọ́ dárúkọ, owó tí wọ́n yọ lóṣù báyìí báyìí ni. Torí náà, dípò kó o máa bi wá bóyá iṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì dáa, wádìí irú èèyàn tó ni hòtẹ́ẹ̀lì yẹn. Mò ń bọ̀ wá sọ ti owó yíyọ yẹn, jẹ́ n kọ́kọ́ dá màmá ẹ lóhùn ná.

* * *

Bàbá kan ti sọ níbí pé màmá ẹ gbọ́n, pé hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé aṣẹ́wó, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ẹ má bínú o sà, mo fẹ́ bi yín ni, ìgbà tí ẹ ṣe òkú tàbí ìgbéyàwó kẹ́yìn, níbo lẹ kó àwọn àna yín sí? Àwọn tó ń wá láti Èkó àti Abuja fún ìnáwó ní Ìsìnkàn àti Òkè-Àró, ṣé orí ẹní ni wọ́n ń sùn ni?

Mi ò ní parọ́, ṣọ́ọ̀tì-táìmù wà, ìyẹn àwọn tó ń gba yàrá fún wákàtí díẹ̀ péré. Àwọn hòtẹ́ẹ̀lì kéékèèké inú àdúgbò, òun gan-an ló ń gbé wọn ró láàárín ọ̀sẹ̀, torí láti Monday dé Thursday kò sẹ́ni tó ń ṣe ìnáwó. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sí rìsẹ́pṣọ̀n ò bá ẹnikẹ́ni wọ yàrá, orúkọ ló ń kọ sílẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ló ń fún wọn, ó parí. Ohun tó yẹ kó kọ màmá ẹ lóminú ni àwọn ọkùnrin tó máa rò pé ìwọ náà wà lára ohun tí àwọn sanwó fún. Wọ́n wà, wọn ò sì ṣọ̀wọ́n. Wọ́n á pe ìsàlẹ̀ láago mọ́kànlá alẹ́ pé ìwọ gan-an ni kó o gbé omi wá. Má lọ. Pọ́tà tàbí wétà ni kó o rán, tí kò bá sí wétà, kí sìkúríìtì bá ẹ gòkè, kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, kó o gbé omi sórí tábìlì kó o jáde. Mánéjà tó bá ní "àbí kí ló máa ṣe ẹ́, lọ gbé e fún wọn, kọ́sítọ́mà ńlá ni wọ́n", ìwọ náà fiṣẹ́ sílẹ̀ fún un lọ́jọ́ náà, má dúró gba owó oṣù.

Ti ọkọ tí wọ́n ń sọ, èmi lọ́kọ o! Nídìí iṣẹ́ yìí la ti pàdé, òun ló ń gbé ẹja wá sí kíṣìnì wa nígbà náà.

* * *

Tíìpù. Kí ẹnikẹ́ni má tan ẹ́, tíìpù ò ju owó oṣù lọ fún ẹni tó jókòó sí rìsẹ́pṣọ̀n l'Àkúrẹ́. Wétà ló ń rí i, bàámánì ń rí i lópin ọ̀sẹ̀, pọ́tà tó gbé báàgì náà ń rí i, ọmọ háúskípìnì ń rí èyí tí wọ́n bá fi sílẹ̀ sórí tábìlì tàbí sábẹ́ ìrọ̀rí. Rìsẹ́pṣọ̀n ni wọ́n ti ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn, ta ló tún fẹ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbowó lọ́wọ́ ẹ̀ lówó míì?

Ó ní àsìkò ẹ̀ o. December, ìgbà tí FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà l'Àkúrẹ́ níbí, bá ń ṣe kọ́ńfókéṣọ̀n, ìgbà ìbò gómìnà bíi ti November 2024 tí oníròyìn, agbófinró àti òṣìṣẹ́ ìbò kún gbogbo ìlú tí a ò rí yàrá fún èèyàn mọ́. Àwọn oníkòkó náà ńkọ́, tí wọ́n bá tà dáadáa lásìkò, wọn ò mọ nǹkan tó ń jẹ́ ṣénjì. Àwọn tó fẹ́ gun òkè Ìdànrè máa ń sùn sílùú wa níbí kí wọ́n tó lọ láàárọ̀, àwọn yẹn ò lówó púpọ̀ lọ́wọ́ àmọ́ ẹnu wọn dùn, tí wọ́n bá fi máa padà dé ẹsẹ̀ wọn á ti kú, omi gbígbóná ni wọ́n ń wá, ẹni tó bá bá wọn gbé e lọ kíákíá kì í pàdánù.

Nǹkan tó tún ti ba tíìpù jẹ́ báyìí ni tíráńsífà. Tẹ́lẹ̀, kọ́sítọ́mà á ki owó bọ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó máa rí i. Ní báyìí á ní kó o mú akáǹtì nọ́ḿbà ẹ wá, tí mánéjà bá sì rí i pé o fún kọ́sítọ́mà ní akáǹtì ara ẹ, ó di kúẹ́rì, wọ́n á ní o fẹ́ máa darí owó hòtẹ́ẹ̀lì gba ibòmíì. Wọn ò sì jẹ̀bi tán, torí àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

Àríyànjiyàn tó wà láàárín òṣìṣẹ́ fúnra wọn ni bóyá ká máa dà á pọ̀ ká pín in. Wétà kì í fẹ́, á ní òun lòun gbé abọ́. Kíṣìnì á ní ṣé abọ́ òfìfo lo gbé ni. Èmi fara mọ́ ká dà á pọ̀, kó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fọ abọ́, ṣùgbọ́n kí mánéjà má fọwọ́ kàn án. Ibi tí mánéjà bá ti ń pín nínú tíìpù, òun nìkan ló ń jẹ ẹ́ nígbẹ̀yìn.

* * *

Ẹni tó ní kó o lọ pe wọ́n lẹ́jọ́ torí pé minimum wage ti di 70,000 láti July 2024, bùrọ̀dá, ẹ rọra. Òótọ́ ni iye yẹn, kódà ìjọba Óńdó ní 73,000 làwọn máa san fún òṣìṣẹ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n òfin yẹn fúnra ẹ̀ yọ iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ẹ̀ ò bá pé 25 sílẹ̀. Ẹ wá lọ ka òṣìṣẹ́ àwọn hòtẹ́ẹ̀lì tó wà l'Àkúrẹ́. Rìsẹ́pṣọ̀n mẹ́ta, háúskípìnì mẹ́rin, kúùkù méjì, sìkúríìtì méjì, bàámánì, ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀, ó ti tán. Ọ̀pọ̀ wọn ò tó 25, àwọn tó tó náà mọ bí wọ́n ṣe ń kà á tí kò fi ní tó. 45,000 kéré, inú bí mi nígbà tí mo rí i, àmọ́ kóòtù kọ́ ló máa yanjú ẹ̀. Béèrè bóyá wọ́n ń fún òṣìṣẹ́ lóúnjẹ ní ṣífùtì kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ń fún yín, tí o sì lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ láti ilé, ó yàtọ̀. Tó bá jẹ́ Ọ̀bá-Ilé lò ń gbé tó o máa wọ ọ̀kadà lálọ lábọ̀, tó o tún máa ra oúnjẹ jẹ, o ti ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ nìyẹn o.

* * *

Ó dáa, owó yíyọ.

Bó ṣe máa ń lọ nìyí. Kọ́sítọ́mà fẹ́ ṣẹ́ẹ̀kì-áòtù, ó ti gbé báàgì dúró níwájú ẹ, táksí ń fun fèrè níta. Ìwọ á pe háúskípìnì, ọmọ yẹn á sáré wọ yàrá, á ka táwẹ̀lì ńlá méjì, kékeré kan, rìmóòtì TV, rìmóòtì AC, kẹ́tù, háńgà, á ká bẹ́díṣíìtì wò bóyá àbàwọ́n wà, á sì pè ẹ́ padà, gbogbo ẹ̀ ò sì gbọdọ̀ pẹ́ torí kọ́sítọ́mà ti ń wo aago. Ó wá ní táwẹ̀lì kan ò sí. Kí lo fẹ́ ṣe? Tó o bá ní "ọ̀gá, ẹ gbé táwẹ̀lì wa", ìjà ti dé nìyẹn, tó bá sì wá jẹ́ pé háúskípìnì ló gbàgbé láti kó o síbẹ̀ látàná, o ti pe àgbàlagbà lólè lójú àwọn èèyàn. Tó o bá dákẹ́, owó ẹ ló lọ. Àǹtí kan tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ ọ́ báyìí, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ó jọ pé táwẹ̀lì wa kan ṣèèṣì bá ẹrù yín lọ, ẹ bá wa yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má bínú o." Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ tán, wọ́n á yíjú sí kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń wá nǹkan, kí ojú má baà ti ẹni náà. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkùnrin kan tó wọ agbádá ṣí báàgì, ọ̀kan là ń wá, méjì ló jáde, rìmóòtì tẹ̀ lé e. Àǹtí ní "ẹ ṣeun sà, ìrìn àjò á dáa."

Ìmọ̀ nìyẹn o, a ò kọ́ ọ ní pólì. Ṣùgbọ́n bó o ti wù kó o mọ̀ ọ́n sọ tó, àwọn kan á ti lọ kó o tó mọ̀. Ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí kan, ṣíbí inú kíṣìnì sọnù, wọ́n pín owó ẹ̀ káàkiri gbogbo wa, sìkúríìtì tó jẹ́ pé ìdí géètì ló ń sùn tó ń jí náà san owó ṣíbí. Gíláàsì fọ́, wọ́n yọ ọ́. Kọ́sítọ́mà jáde lóru tí kò san owó bíà, wọ́n yọ ọ́ lọ́wọ́ wétà. Oṣù á parí, wọ́n á fún ẹ ní ìwé pélébé kan tó kún fún àkọsílẹ̀ gbèsè tó o jẹ, ohun tó kù kò tó ra àpò gàrí.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí òfin wí, torí ọ̀pọ̀ ló rò pé ọ̀gá lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Labour Act ilẹ̀ wa ò gba agbanisíṣẹ́ láyè láti kàn máa yọ owó òṣìṣẹ́ torí nǹkan tó bàjẹ́ tàbí tó sọnù. Àfi tó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ yẹn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí pé kò bìkítà, kódà nígbà yẹn náà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti kọ̀wé fọwọ́ sí i ṣáájú, iye tí wọ́n fẹ́ yọ sì gbọ́dọ̀ mọ níwọ̀n. Òfin yẹn kan náà ló ní kí wọ́n fún ẹ ní ọjọ́ ìsinmi kan nínú ọjọ́ méje, kí wọ́n fún ẹ níwèé àdéhùn iṣẹ́ kó tó pé oṣù mẹ́ta, tó o bá sì ti pé ọdún kan, ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà ni wàá fi sinmi tí wọ́n á sì san owó ẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tí àwa kan kọ gbólóhùn yẹn sínú lẹ́tà tí a fún mánéjà, a ò pariwo, a ò halẹ̀, wọ́n dáwọ́ owó ṣíbí dúró.

* * *

Alága kan tó ní òun ni hòtẹ́ẹ̀lì fèsì sí mi, inú ń bí wọn, wọ́n ní òṣìṣẹ́ ló ń jí gbogbo ẹ̀, pé bàámánì ń kó bíà tiẹ̀ wọlé láti Ọjà Ọba wá tà nínú fíríìjì àwọn, pé àwọn ń ra dísẹ́ẹ̀lì lówó gọbọi, kí èmi náà lọ dá hòtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ kí n wá rí i.

Ẹ kú ìnáwó, alága. Mi ò jiyàn, bàámánì tó ń ta ọjà tiẹ̀ nínú ọjà ọ̀gá wà, mo mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè torí olè kan fìyà jẹ ẹni mẹ́wàá. Kí ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ jọ ka ọjà ní ìparí ṣífùtì, ìgò nígò, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i, ẹ máa rí i pé ẹni kan ṣoṣo ló máa jẹ gbèsè, òun náà sì ni ẹ ń wá. Ibi tí wọn ò bá ti ń kà á, gbogbo wa lolè. Ti dísẹ́ẹ̀lì, a mọ̀ pé kò rọrùn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sára páálí iwájú pé iná wà láàárọ̀ lálẹ́, tí jẹnẹrétọ̀ bá wá kú láago márùn-ún ìdájí tí kọ́sítọ́mà sọ̀kalẹ̀ wá pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé, èmi ló ń bú, ẹ̀yin wà nílé yín ní Ìjàpò.

* * *

Níwọ̀n bí wọ́n ti ní ọ̀sẹ̀ kan alẹ́, gbọ́ èyí dáadáa, àbúrò, torí kò tíì sẹ́ni tó sọ ọ́.

Kọ́sítọ́mà á dé láago kan òru, ó wakọ̀ bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ojú ẹ̀ ti pọ́n. Á ní kò sí káàṣì lọ́wọ́ òun, POS ò lọ, òun máa ṣe tíráńsífà. Á ṣe é, á fi fóònù ẹ̀ hàn ẹ́, successful. Álẹ́ẹ̀tì ò wọlé síbi tó o ti lè rí i, torí orí fóònù ọ̀gá ló ń wọlé sí, ọ̀gá sì ti sùn. O pè wọ́n, wọn ò gbé e. O pe mánéjà, mánéjà ní òun náà ò lè wo akáǹtì. Kọ́sítọ́mà bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, "ṣé olè lo fi mí pè ni?" Tó o bá fún un ní kọ́kọ́rọ́ tí álẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ ayédèrú, owó yàrá ti wọ ọrùn ẹ. Tó o bá ní kó jókòó dúró títí ilẹ̀ á fi mọ́, á lọ hòtẹ́ẹ̀lì iwájú, láàárọ̀ ọ̀gá á bi ẹ́ ìdí tó o fi lé kọ́sítọ́mà. Kò sí èyí tó o ṣe tí wọn ò ní bá ẹ wí.

Àwọn kan ní kí wọ́n máa gba káàdì ìdánimọ̀ ẹ̀ mọ́wọ́. Ẹnì kan ní gba fóònù ẹ̀, ẹ̀rín pa mí, fóònù ẹ̀! Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ni kí hòtẹ́ẹ̀lì ní fóònù kan ní rìsẹ́pṣọ̀n tí álẹ́ẹ̀tì á máa wọlé sí, tó jẹ́ pé èèyàn á máa rí owó tó wọlé ṣùgbọ́n kò ní lè fi nọ́ḿbà ẹ̀ fi owó ránṣẹ́ síbì kankan. Kò ná wọn lówó púpọ̀. Ọ̀gá tí kò bá fẹ́ ṣe é, kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n ṣe, kò kàn fẹ́ kí òṣìṣẹ́ mọ iye tó ń wọlé ni.

* * *

Ẹni tó ní kó o sọ fún wọn kí wọ́n gbé ẹ sí kíṣìnì torí pé ibẹ̀ lara á ti máa tù ẹ́, kò tíì ṣiṣẹ́ kíṣìnì ní ìpínlẹ̀ yìí rí. Ibi tí wọ́n ti ń jẹ iyán nìyí o. Kíṣìnì á ti tì láago mẹ́wàá, èèyàn á dé láago mọ́kànlá, ó ní òun ò jẹ ìrẹsì, òun ò jẹ indomie, iyán. Kúùkù tó ti bọ́ épírọ́ọ̀nù á sá lọ ro poundo, iyán oníyẹ̀fun. Òkèlè àkọ́kọ́ ni ọkùnrin yẹn á ti dáwọ́ dúró, á wojú wétà. "Ta lẹ ro èyí fún?" Ọmọ Èkìtì ló burú jù nínú wọn, wọ́n lè mọ̀ ọ́n láti ẹnu ọ̀nà. Ìgbà yẹn ni wọ́n á lọ jí ọmọ tó ń gúnyán dìde, ariwo odó á jí yàrá mẹ́ta tó wà lókè kíṣìnì, àwọn yẹn náà á pe rìsẹ́pṣọ̀n láti bú ẹ. Ti èmi, tí iyán bá wà lórí mẹ́nù, kí wọ́n kọ aago tó máa ń tán sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kí owó ti òru sì yàtọ̀, kí ọmọ tó gún un mú nínú ẹ̀. Kò yẹ kó di ìjà rárá.

Ẹnì kan tó ń ṣe lọ́ńdìrì ní ibì kan béèrè ìdí tí bẹ́díṣíìtì funfun àwọn fi ń di yẹ́lò bí wọ́n ti ń fi bílíìṣì sí i tó, ọ̀gá ní àwọn ò fọ̀ ọ́ dáadáa. Àǹtí, ẹ wo omi yín. Omi borehole tí irin bá pọ̀ nínú ẹ̀, bílíìṣì yẹn gan-an ló ń sọ irin yẹn di ìpẹtà sára aṣọ, bí ẹ bá ṣe ń fi kún un bẹ́ẹ̀ lá máa pọ́n. Ẹ pọn omi sínú garawa funfun kó sùn mọ́jú, tó bá pọ́n tàbí tí nǹkan pupa bá silẹ̀ nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ fíltà ni, ẹ lọ fi han ọ̀gá. Epo pupa náà, bílíìṣì ò lè yọ ọ́, ọṣẹ àti omi gbígbóná ni. Ẹ̀jẹ̀ sì rèé, omi tútù, ẹ má ṣe kan omi gbígbóná sí i rárá, á jókòó síbẹ̀ títí láé. Tirọ́ọ̀ àti páńkéèkì ara ìrọ̀rí, ìyẹn, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀.

* * *

Ìyàwó ilé kan bínú sí wa pé àwa rìsẹ́pṣọ̀n la máa ń bo àwọn ọkùnrin alágbèrè mọ́lẹ̀, pé òun lọ béèrè ọkọ òun, wọ́n ní àwọn ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ṣùgbọ́n a ò lè sọ ẹni tó wà nínú yàrá fún ẹnikẹ́ni tó bá wọlé wá béèrè, ì báà ṣe ìyàwó, ì báà ṣe bàbá. Kì í ṣe torí àgbèrè nìkan, ẹni tó ń wá ẹnì kan kiri lè mú àdá lọ́wọ́. Òfin tó ń dáàbò bo dátà èèyàn tí wọ́n fọwọ́ sí ní June 2023 pàápàá kan orúkọ àti nọ́ḿbà tó wà nínú fọ́ọ̀mù wa. Tí kò bá ṣe agbófinró tó mú ìwé dání, a ò gbọdọ̀ ṣí i hàn. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo á pe yàrá yẹn pé àlejò wà nísàlẹ̀, ẹni náà ló máa pinnu bóyá òun á sọ̀kalẹ̀. Mà, mo mọ̀ pé kì í sọ̀kalẹ̀.

* * *

Ẹ ní mo kàn ń ráhùn, pé kí ló dé tí mo ṣì wà níbẹ̀. Ìbéèrè tó dáa ni.

Mo fẹ́ràn ẹ̀. Mo fẹ́ràn yàrá tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ tán, tí bẹ́díṣíìtì le gbọn-in, tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ká wọlé. Mo fẹ́ràn kí èèyàn dé tòun ti ìbínú, kó máa lọ láàárọ̀ kó ní "àǹtí, ẹ ṣeun o." Ìṣẹ́jú kan tí èèyàn bá fi wọlé ni mo ti mọ bóyá ẹni tó ń fẹ́ ọ̀rọ̀ ni tàbí ẹni tó ń fẹ́ ká dákẹ́, ìyẹn sì ti ṣe mí láǹfààní lọ́jà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, níwájú àwọn ẹbí ọkọ mi. Ọmọ tó ń fọ abọ́ ní kíṣìnì wa nígbà kan ń se oúnjẹ òde àríyá báyìí, àwa la ń lọ yá ìkòkò lọ́wọ́ ẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó jẹ́ pọ́tà ti di mánéjà l'Ékòó, kò ní HND kankan. Àwọn èèyàn tí mi ò bá má mọ̀ láéláé, tí wọ́n bá ti fẹ́ wá Àkúrẹ́, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè, àbúrò mi ríṣẹ́ nípasẹ̀ ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tó ń jókòó sí ọ́fíìsì kan náà lójoojúmọ́, ibo ló ti fẹ́ rí irú ẹ̀?

Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì wà ní orílẹ̀-èdè yìí o, ẹni tó béèrè. Àmọ́ nínú àwọn hòtẹ́ẹ̀lì kéékèèké tí mo ti ṣiṣẹ́, mi ò rí wọn lẹ́nu ọ̀nà rí.

* * *

Àbúrò, mo ti rí i pé o padà wá sọ pé wọ́n ní kó o bẹ̀rẹ̀ ní Monday, pé wọ́n ń fúnni lóúnjẹ lẹ́ẹ̀kan ní ṣífùtì, pé màmá ẹ ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, pé wọ́n ní kó o mú fọ́ọ̀mù onídùúró lọ fún ẹni méjì láti kún. O ní ṣé kó o gbà á.

Gbà á. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù yẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ sí i kó o tó kà á. Àwọn kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé onídùúró á san gbogbo ohun tó bá sọnù nígbà tó o bá wà lẹ́nu iṣẹ́, wọn ò fi iye kankan sí i, wọn ò sọ bóyá ìwọ lo jẹ̀bi. Bùrọ̀dá ẹ á fọwọ́ sí i bí ẹni fọwọ́ sí ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́jọ́ tí TV bá lọ nínú yàrá, wọ́n á lọ bá a níṣẹ́ ẹ̀. Tó o bá rí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, sọ fún mánéjà pẹ̀lú sùúrù pé bùrọ̀dá ẹ ní kí wọ́n fi kún un pé "tí ó bá dájú pé òun ló jẹ̀bi". Ọ̀pọ̀ wọn á fi kún un, torí ṣe ni wọ́n kàn da fọ́ọ̀mù yẹn kọ láti ibòmíì. Ya fọ́tò ẹ̀ kó o tó dá a padà. Bi wọ́n léèrè lọ́jọ́ kan náà, orí fóònù ta ni álẹ́ẹ̀tì ń wọlé sí lóru, tí wọ́n bá ní ti ọ̀gá nìkan, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ẹ́ sí ṣífùtì àárọ̀ fún oṣù méjì àkọ́kọ́ ná, kó o fi mọ ibẹ̀. Bàtà tó pẹlẹ́bẹ ni kó o wọ̀ lọ o.